Ìkòkò Màmá Filomẹ́nà

Ìkòkò tí kì í se ọbẹ̀, tí kì í se àgbo,
òun ni Màmá Filomẹ́nà nà sí mi
lọ́jọ́ tí mo pé ogójì ọdún,
lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ní Kámpọ̀s,
níbi tí fèrèsé ti ń ké bí a bá ṣí i.
Igi dúdú ni. Orí rẹ̀ kò ju ẹyin awó lọ.
"Gbà. Bó o ṣe ń rọra fọwọ́ kan ìfun rédíò,
fọwọ́ yẹn kan èyí náà."

Inú agolo mílíìkì ni tábà wà,
pẹ̀lú èèpo ọsàn kan, kó má baà gbẹ jù.
Ó bù ú, ó tú u bí ẹni ń tú irun ọmọ tó ń sunkún.
"Àkọ́dà, má tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó já bọ́ bíi gààrí sínú omi.
Èkejì, tẹ̀ ẹ́ bí o ti ń tẹ àwùjẹ̀ ọmọ."
Ẹ̀kẹta, mo ti gbàgbé ohun tó fi wé.
Ó ní kí n kọ́kọ́ fà á láìṣáná:
bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀, mo ti tẹ̀ ẹ́ pa nìyẹn.

Ìṣáná àkọ́kọ́, irọ́ ni.
Tábà á dìde bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun,
á tún padà sùn.
Fi orí ìṣó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ṣá òmíràn.
Èyí ni yóò dúró.

Mo fà á bí ẹni tó ń fi rọ́bà fa bẹntiróò nínú ọkọ̀.
Ahọ́n mi jó. Ikọ́ gbé mi
títí mo fi di ọwọ́ àga mú.
Màmá rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́rin tó kù jáde wá wò mí.
"Ta ló ń lé ẹ? Ẹnu ni kó mọ, kò gbọdọ̀ dé àyà.
Àlejò ni iná inú ìkòkò:
bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, dákẹ́ díẹ̀."
Dókítà ilé kejì ti ní kó jáwọ́ nínú rẹ̀.
Òun ló lọ síbi ìsìnkú dókítà.
N ò fi ìyẹn kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn tí iná kú ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
Àtẹ́lẹwọ́ ni kí n gbá a mọ́, kì í ṣe irin àtẹ̀gùn.
Ìyẹ́ apá adìẹ ni kó gba inú ọ̀pá kọjá,
pẹ̀lú ẹ̀kán ògógóró kan.
Èédú tó lẹ̀ mọ́ inú, kí n má ha á tán,
aṣọ rẹ̀ ni; kó ṣáà má nípọn ju kọ́bọ̀ lọ.
Bó bá ṣiṣẹ́ lónìí, kó sinmi lọ́la.
Kí n má sì yọ ọ̀pá lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó bá gbóná,
láéláé.

Mo yọ ọ́ nígbà tó gbóná.
Iná ọba lọ, oníbàárà ń kanlẹ̀kùn, mo kánjú.
Mo gbọ́ ọ: kẹ́.

Mo fi áńkáṣíìfù dì í lọ bá a bí ẹni gbé òkú ẹyẹ.
Kò bú mi. Ó ní, "Lọ mú wáyà kọ́pà wá,
tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíò tó ti kú."
Èmi ni mo we é, ẹ̀wé méjìdínlógún.
Ó kàn ń wò mí, ó ń jẹ kókó ẹnu rẹ̀ tó ṣófo.

Òjò ọdún kejì ló bá lọ.
Àwọn ọmọ ọmọ ta ilé náà; fèrèsé yẹn, n kò mọ ẹni tó gbé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Igbóṣẹ̀rẹ̀.
Lọ́pọ̀ ìgbà n kì í ṣáná rárá.
Mo fi ìyẹ́ gbá inú rẹ̀, mo fi aṣọ nu kọ́pà títí á fi dán,
mo wá fi í sẹ́nu.
Ojú eyín rẹ̀ wà lára ọ̀pá, kòtò kékeré méjì,
kò bá ti èmi mu.
Mo sún un sí òsì díẹ̀,
mo tún sún un,
ó wọlé.